Ànàmọ́ pọ́pù: ṣé àwọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó fara da ọ̀dá?

Àríkẹ́_Òkèfìà

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àgbẹ̀ pọ̀ níbí, àwọn tó kàwé lórí ọ̀gbìn náà wà níbẹ̀. Mo ń dáko lọ́nà Ọ̀kínni, ànàmọ́ àti ẹ̀gẹ́ ni, Òrìsùnḿbáre ni mo ti ń tà á. Ẹnì kan ló fún mi ní okùn ànàmọ́ tí inú ẹ̀ jẹ́ pọ́pù, kì í ṣe èèpo nìkan o, inú gan-an, tẹ́ ẹ bá là á àwọ̀ ẹ̀ á mọ́ ọ̀bẹ, á mọ́ yín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá sè é omi ẹ̀ náà á di pọ́pù.

Ìdì okùn kan náà ni mo pín sí méjì. Mo gbin apá kan sórí ilẹ̀ gíga tó ní òkúta wẹ́wẹ́, mo gbin ìyókù sísàlẹ̀ lẹ́bàá àkùrọ̀ níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá dáadáa. Ìgbà tí mo máa wà á, ti orí òkè kéré ṣùgbọ́n inú ẹ̀ pọ́pù kíkankíkan, ti àkùrọ̀ tóbi, okùn ẹ̀ ta lọ bẹẹrẹ, àmọ́ ìlà funfun wà káàkiri inú ẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán láàárín. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí òjò tètè dá, ewé ti orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́pù létí, ó sì dúró, kò kú, bẹ́ẹ̀ ànàmọ́ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí ebè tó tẹ̀ lé e ti rọ, ewé ẹ̀ ń já bọ́.

Ẹni tí oko wa jọ pààlà ní àwọ̀ yẹn lagbára ẹ̀. Ẹlòmíì ní ilẹ̀ ló ń pa á láró. Oníbàárà mi kan tiẹ̀ dúró níwájú èrò lọ́jà, ó ní mo ti fi kẹ́míkà sí i, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra torí mi ò fi ohunkóhun sí i, àti ajílẹ̀ gan-an mi ò dà sí ti orí òkè.

Ìbéèrè mi rèé: ibo ni àwọ̀ yẹn ti ń wá, ilẹ̀ ni àbí okùn? Ṣé òun ló ń jẹ́ kó fara da ọ̀dá? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí n kó gbogbo funfun dànù kí n máa gbin pọ́pù nìkan? Ẹ dákun ẹ ṣàlàyé fún mi, ẹ má sọ gẹ̀ẹ́sì ńlá ńlá.

Tíṣà_Ayépé

Àǹtí Àríkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níbí l'Óṣogbo, orí irúgbìn ni mo sì ti ṣe ìwé mi ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an torí ohun tẹ́ ẹ fojú rí lóko yẹn làwọn kan ń fi owó gọbọi wá nínú lábù.

Ilẹ̀ ò pa nǹkan kan láró o. Kò sí aró kankan nínú ilẹ̀ tí ànàmọ́ ń fà mu. Ànàmọ́ fúnra ẹ̀ ló ń ṣe àwọ̀ yẹn látinú ṣúgà tí ewé ń rán wá sísàlẹ̀, orúkọ èròjà náà ni anthocyanin. Òun náà ló wà nínú ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò, òun ló wà nínú ewùrà tí inú ẹ̀ pọ́n.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ànàmọ́ funfun náà ní àwọn jíìnì tó ń ṣe àwọ̀, jíìnì ni ìlànà iṣẹ́ tí irúgbìn jogún látara ìyá àti bàbá ẹ̀. Àwọn jíìnì yìí ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tíntìntín inú irúgbìn, bíi CHS, DFR àti ANS, tí ọ̀kan á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì, tí wọ́n á máa tún èròjà náà ṣe títí àwọ̀ á fi jáde. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú funfun, kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Lọ́dún 2007 àwọn onímọ̀ ní Japan gbé jíìnì aláṣẹ kan jáde tí wọ́n pè ní IbMYB1, inú ànàmọ́ tí inú ẹ̀ pọ́pù ni wọ́n ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ gidi. Àmọ́ MYB, ìyẹn púrótéènì tí jíìnì aláṣẹ yìí ń ṣe, kì í dá a ṣe. Púrótéènì mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé: MYB, bHLH àti WD40. Ẹ wò ó bí owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó wà ní báńkì, tí alága, akọ̀wé àti akápò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí owó tó lè jáde, tí ẹnì kan nínú wọn ò bá fọwọ́ sí i kò sówó nìyẹn. Ìgbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé sẹ́nu ọ̀nà jíìnì bíi DFR ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí àwọ̀ fi ń dé.

Nítorí náà, agbára láti pọ́pù, inú okùn ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa pọ́pù tó, ojú ọjọ́ àti ilẹ̀ wà níbẹ̀. Jíìnì aláṣẹ yìí máa ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irúgbìn náà lójú ọgbìn: oòrùn líle, òtútù, àìtó omi, àìtó náítírójìn, gbogbo ìwọ̀nyí ló lè mú kí àṣẹ náà le sí i. Tí náítírójìn bá wá pọ̀ jù nínú ilẹ̀, okùn àti ewé ni irúgbìn náà á gbájú mọ́, àwọ̀ á sì dín kù. Ẹ ṣáà rí i pé bí ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ yín ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, ilẹ̀ ọlọ́ràá, okùn bẹẹrẹ, inú tó ń funfun. Ẹ tún wo ọjọ́ orí ẹ̀ o, èyí tẹ́ ẹ bá tètè wà kì í sábà tíì pọ́pù tó èyí tó pẹ́ nínú ilẹ̀.

Ní ti ewé tó pọ́pù létí, èyí lohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìbéèrè yín. Nígbà tí omi ò tó, ewé á ṣì máa gba oòrùn ṣùgbọ́n kò ní lè lò ó tán, èyí tó ṣẹ́kù á wá máa dá oríṣi ọ́síjìn kan sílẹ̀ tó ń ba ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Anthocyanin máa ń gba lára oòrùn yẹn kó tó wọlé, ó tún máa ń pa ọ́síjìn burúkú yẹn. Ìyẹn ni pé àwọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Kì í ṣe ẹwà lásán.

Bàbá_Olóko_Ìlobùú

Tíṣà, mo kí ẹ o, àlàyé ẹ mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí lọ kó ànàmọ́ funfun ẹ̀ dànù o! Èmi ti ń gbin ànàmọ́ láti ìgbà tí bàbá mi ṣì wà láyé, ànàmọ́ funfun kan wà lọ́wọ́ mi tí inú ẹ̀ funfun báláú tí kò sí pọ́pù kankan lára ẹ̀ àfi èèpo tó pọ́n díẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ò rí i gbé ṣe, ewé á gbẹ tán lójú ẹ, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bọ́ báyìí á tún hù. Mo sì ti rí pọ́pù tó kú fin-ín-fin-ín lọ́dún kan náà.

Ohun tí mò ń wò lára ànàmọ́ ni gbòǹgbò ẹ̀. Èyí tí gbòǹgbò ẹ̀ bá wọlẹ̀ lọ jìnnà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta, tí ewé ẹ̀ ò fẹ̀ jù, òun ló ń fara dà á. Àríkẹ́, lọ wo funfun ẹ tó kú yẹn dáadáa, ṣé ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ní? Tó bá ní ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, omi tó ń sọ nù lójú ewé ló pa á, àìsí pọ́pù kọ́.

Ohun kan tún wà tí ẹ ò tíì sọ. Nígbà ọ̀dá, ilẹ̀ máa ń sán, inú ibi tó sán yẹn ni kòkòrò dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ ànàmọ́ máa ń gbà wọlé lọ bá isu. Èyí tí isu ẹ̀ bá wà lókè lókè ló máa ń bá jẹ́ jù, pọ́pù ni o, funfun ni o. Ìyẹn ló ṣe yẹ kéèyàn máa kó ebè le e lórí.

Tíṣà_Ayépé

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, òótọ́ ni mo gbọ́ yẹn. Mo fẹ́ kí gbogbo wa gbà pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ tó fẹ́ dà pọ̀ mọ́ra. Àwọ̀ ànàmọ́, jíìnì aláṣẹ kan tàbí méjì lè dá a sí funfun tàbí pọ́pù. Ìfaradà ọ̀dá ò rí bẹ́ẹ̀, jíìnì tó pọ̀ lọ jàra ló ń dá sí i: èyí tó ń mú gbòǹgbò wọlẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tó ń ti ihò abẹ́ ewé wà níbẹ̀, èyí tó ń kó ṣúgà àti àwọn èròjà míì jọ sínú sẹ́ẹ̀lì kí omi má bàa sá jáde náà wà níbẹ̀, ká má tíì wá sọ ti ìwọ̀n ewé tí bàbá mẹ́nu bà. Ànàmọ́ tún wá nira láti tú wò, torí krómósómù ẹ̀, ìyẹn àwọn fọ́nrán tí jíìnì tò sí, jẹ́ 90, mẹ́fà mẹ́fà ló ní gbogbo jíìnì, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn ní méjì méjì. Tẹ́ ẹ bá gbin èso ànàmọ́, ìyẹn kóró inú òdòdó ẹ̀, ọmọ tó máa hù lè má jọ ìyá rárá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ okùn la máa ń gé gbìn.

Nítorí náà okùn kan lè ní àṣẹ àwọ̀ kó má sì ní gbòǹgbò tó jìn, òmíràn lè ní gbòǹgbò kó má láwọ̀. Funfun bàbá ní gbòǹgbò. Pọ́pù Àǹtí Àríkẹ́, ó lè jẹ́ pé ó ní méjèèjì. Ó tún lè jẹ́ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló jẹ́ ọ̀lẹ.

Ibi tí àwọ̀ àti ọ̀dá ti wọnú ara wọn jù lójú tèmi ni ànàmọ́ ọlọ́rẹ́ńjì, ìyẹn oríṣi UMUSPO 1 tí wọ́n ń pè ní King J àti UMUSPO 3 tí wọ́n ń pè ní Mothers' Delight, àwọn kan lára wa máa rántí pé wọ́n fi ànàmọ́ ọlọ́rẹ́ńjì sínú oúnjẹ àwọn ọmọ iléèwé níbí nígbà O'Meals. Àwọ̀ tèyí kì í ṣe anthocyanin, carotenoid ni, beta-carotene ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, òun lara wa ń sọ di fítámì A. Ẹ́ńsáìmù tó ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ náà ni PSY. Púrótéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní OR, ara káúlífláwà kan tó ṣàdédé yọ ọ́rẹ́ńjì ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa dáàbò bo PSY kó má bàa bàjẹ́ kíákíá, kó tún ṣe ibi tí carotene máa kó jọ sí nínú sẹ́ẹ̀lì. Ní 2013 àwọn onímọ̀ ní Kòríà mú jíìnì OR ti ànàmọ́, IbOr, wọ́n mú kó máa ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nínú sẹ́ẹ̀lì ànàmọ́ tí wọ́n ń tọ́ nínú lábù, carotene pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fara da iyọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Jíìnì kan ṣoṣo ló ran nǹkan méjèèjì o.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, irúgbìn máa ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ABA, òun ló ń rán ewé létí pé kó ti àwọn ihò tíntìntín abẹ́ ẹ̀ kí omi má tán. Kí ni wọ́n fi ń ṣe ABA? Carotenoid ni. Ojú ọ̀nà kan náà tó ń lọ síbi àwọ̀ ọ́rẹ́ńjì ni irúgbìn ń gbà títí á fi kan ABA. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí mi ò lè sùn, torí mo ti rò pé àwọ̀ ti ojú lásán ni.

Àmọ́ ABA tó ń ti ihò ewé, èyí tí wọ́n ṣe nínú ewé àti gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gbogbo irúgbìn ló sì ń ṣe é, funfun náà ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí isu ọlọ́rẹ́ńjì, kò túmọ̀ sí pé ewé ẹ̀ ní ABA ju ti ẹlòmíì lọ.

Ìyá_Onígàárì_Ìkìrun

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí kan ẹ̀gẹ́ náà. Èmi ń ṣe gàárì, mo máa ń ra ẹ̀gẹ́ yẹ́lò, èyí tí wọ́n ní fítámì A wà nínú ẹ̀. Ohun tí mo kíyè sí ni pé tí wọ́n bá kó funfun àti yẹ́lò wá lọ́jọ́ kan náà tí iná ò sí tí a ò lè tètè rìn ín, funfun ló máa ń kọ́kọ́ dúdú nínú, tẹ́ ẹ bá dá a sí méjì ẹ máa rí ìlà dúdú tó jẹ́ bíi búlúù lára òpó inú ẹ̀ yíká, yẹ́lò á ṣì dáa. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Àmọ́ tí a bá wá rìn ín tán, tí a fún un, tí a yan án, gàárì yẹ́lò kì í pọ̀ tó ti funfun nínú ìwọ̀n ẹ̀gẹ́ kan náà. Tíṣà, kí ló ń fà á? Àti pé àwọn èèyàn ṣì rò pé epo pupa ni mo dà sí i.

Tíṣà_Ayépé

Màmá, ojú yín mú o! Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn wà nínú ìwé o.

Ẹ̀gẹ́ funfun àti yẹ́lò yàtọ̀ síra nítorí ìyípadà kékeré kan. Nínú jíìnì PSY2 ti ẹ̀gẹ́, tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù PSY tí mo sọ lókè, lẹ́tà kan péré nínú bí wọ́n ṣe kọ jíìnì náà ló yí padà, C di A, ìyẹn sì yí ẹyọ kan padà nínú púrótéènì tó ń ṣe, ẹ́ńsáìmù náà wá ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, carotene wá ń kó jọ nínú isu. 2010 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2011, ni wọ́n gbé àwọn ẹ̀gẹ́ yẹ́lò àkọ́kọ́ jáde fún àgbẹ̀ ní Nàìjíríà, UMUCASS 36, 37 àti 38, iṣẹ́ IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà n'Íbàdàn níbí, àti National Root Crops Research Institute ní Umudike ni. 44, 45 àti 46 dé ní 2014.

Ìlà búlúù dúdú tẹ́ ẹ rí yẹn, ọ́síjìn burúkú tí mo sọ lókè ló tún wà nídìí ẹ̀. Bí ẹ bá ti hú ẹ̀gẹ́ tí ara ẹ̀ bó tàbí tó ṣẹ́, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ́síjìn yẹn jáde, èròjà kan tó ń jẹ́ scopoletin á bá a pàdé, á sì di dúdú. Carotene máa ń pa lára ọ́síjìn náà kó tó ṣe iṣẹ́ ibi, ìdí nìyẹn tí yẹ́lò fi ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ kan náà ni àwọ̀ ń ṣe nínú ewé lóko àti nínú àpò yín lẹ́bàá ẹ̀rọ.

Ní ti gàárì tí kò pọ̀, ṣúgà tí ẹ̀gẹ́ fi ń ṣe ítááṣì, lára ẹ̀ náà ló ti ń mú ṣe carotene. Yàtọ̀ síyẹn, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, PSY2 wà létí àwọn jíìnì tó kan ọ̀rọ̀ ítááṣì lórí krómósómù kan náà, wọ́n wá máa ń jogún wọn pa pọ̀, bí yẹ́lò ṣe ń wọlé ni omi ń pọ̀ nínú isu tí ítááṣì ń dín kù. Àwọn tó ń ṣe irúgbìn ń sapá láti ya méjèèjì kúrò lára ara wọn, ọ̀pọ̀ ìran ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá pọ̀ kí wọ́n tó rí ọmọ tó mú yẹ́lò tí kò sì fi ítááṣì sílẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gidi.

Ẹ má tọ́jú gàárì yẹ́lò pẹ́ jù o màmá, ẹ má sì sá a sójú oòrùn, carotene inú ẹ̀ máa ń ṣá.

Ọmọ_Alaró_Oròkí

Ìyá mi ṣe aró, ìyá ìyá mi ṣe aró, Òṣogbo ìlú aró sì ni wá. Ṣé omi ànàmọ́ pọ́pù yẹn kò lè pa aṣọ láró? Mo bi yín torí èlú ti ń wọ́n.

Tíṣà_Ayépé

Ó máa mú aṣọ, àmọ́ kò ní pẹ́ lára ẹ̀. Èlú, tó bá ti wọ inú òwú tí atẹ́gùn sì fẹ́ sí i, kì í yọ́ nínú omi mọ́, ìdí nìyẹn tí àdìrẹ fi ń dọ́mọ dọ́mọ. Anthocyanin máa ń yọ́ nínú omi nígbàkígbà, ẹ bá fọ̀ ọ́ ó ti ń lọ, oòrùn náà ń pa á.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín rán mi létí nǹkan tó máa wúlò fún Àǹtí Àríkẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà yẹn. Àwọ̀ anthocyanin máa ń yí padà tí ẹ bá fi nǹkan kíkan tàbí eérú pàdé ẹ̀. Ẹ bu omi tẹ́ ẹ fi se ànàmọ́ náà sínú ife méjì tó mọ́ gaara. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, á pọ́n, á di píǹkì lójú yín. Ẹ po kán-ún díẹ̀ sínú èkejì, á di búlúù, tí kán-ún bá pọ̀ á máa lọ sí gíríìnì. Àwọ̀ tí wọ́n ń rà lọ́jà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é lójú ẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń tajà, kí àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà rí i.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bi mí nípa bíítìrúùtù tí àwọn Háúsá ń tà ní Sábó, àwọ̀ tèyẹn kì í ṣe anthocyanin o, betalain ni, irúgbìn kan kì í ní méjèèjì.

Ọmọ_Sábó

Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ẹ ń sọ jíìnì jíìnì, lábù lábù, ṣé GMO, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n lọ yí jíìnì ẹ̀ padà ní lábù, wá ni gbogbo ànàmọ́ pọ́pù àti ẹ̀gẹ́ yẹ́lò yìí? Torí ẹ̀rù GMO ń bà mí, mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi jẹ ẹ́.

Tíṣà_Ayépé

Rárá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gẹ́ yẹ́lò UMUCASS wọ̀nyẹn àti ànàmọ́ ọlọ́rẹ́ńjì tó wà lóko wa, òdòdó sí òdòdó ni wọ́n fi dá wọn pọ̀, wọ́n wá ń ṣa èyí tó dáa nínú ọmọ ẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn ará Kòríà tí mo sọ, ti lábù ni tiwọn, ìwádìí ni wọ́n ń ṣe láti mọ iṣẹ́ tí jíìnì ń ṣe, kò sí i ní Òrìsùnḿbáre. Iṣẹ́ ànàmọ́ ọlọ́rẹ́ńjì àti àwọn oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tó ní fítámì nínú ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fún Maria Andrade, Robert Mwanga, Jan Low àti Howarth Bouis ní World Food Prize ní 2016, Mwanga ọmọ Uganda ni.

Ohun kan wà tó máa yà yín lẹ́nu ṣá. Ní 2015 wọ́n rí i pé inú ànàmọ́ tí gbogbo ayé ń jẹ, jíìnì kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Agrobacterium ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, kòkòrò yẹn ló fi síbẹ̀ fúnra ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ nǹkan tí ń jẹ́ lábù. Òun la ti ń jẹ láti ọdún gbọ́nhan.

Àríkẹ́_Òkèfìà

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun. Mo ti ṣe ti ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn nílé kí n tó gbé e lọ ọjà, ó di píǹkì wàrà, àwọn ọmọ pariwo. Bàbá Ìlobùú, òótọ́ lẹ sọ, funfun mi tó kú yẹn, ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ní, ti pọ́pù ya bí ìka ọwọ́, kò fẹ̀.

Mi ò ní kó funfun dànù mọ́ o. Ohun tí mo tún fẹ́ mọ̀ ni èwo ni kí n máa gé okùn ẹ̀ fún gbígbìn, ti orí òkè tó pọ́pù jù ni àbí ti àkùrọ̀? Ṣé tí mo bá ń gé ti àkùrọ̀ á máa funfun lọ ni?

Tíṣà_Ayépé

Okùn kan náà ni wọ́n, jíìnì wọn ò yàtọ̀, tẹ́ ẹ bá gé okùn àkùrọ̀ lọ gbìn sórí òkè, á tún pọ́pù padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ànàmọ́ máa ń ṣàdédé yí padà nígbà míì, ẹ̀ka kan lára ìdí kan lè sọ àṣẹ àwọ̀ ẹ̀ nù pátápátá, okùn tẹ́ ẹ bá sì gé lára ẹ̀ka yẹn á máa bí funfun lọ níbikíbi tẹ́ ẹ bá gbìn ín. Nítorí náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń wà á, ẹ dá isu wò ní ìdí kọ̀ọ̀kan, èyí tí gbogbo isu ẹ̀ bá pọ́pù dọ́gba ni kẹ́ ẹ so aṣọ pupa mọ́, ara òun ni kẹ́ ẹ ti gé okùn. Ẹ tún gbin okùn yẹn síbi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi funfun bàbá sáàárín wọn lórí ebè kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹ má da ajílẹ̀ sí ọ̀kan kẹ́ ẹ fi òmíràn sílẹ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí òjò tún dá, ẹ máa mọ̀ bóyá pọ́pù yìí gan-an ló ní ìfaradà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ da ajílẹ̀ sí àkùrọ̀, ẹ dín náítírójìn kù, ẹ jẹ́ kí pòtáṣì pọ̀, isu ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Bàbá_Olóko_Ìlobùú

Má jẹ́ kí okùn tán mọ́ ẹ lọ́wọ́ kí òjò tó dé o. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó le, gé díẹ̀ lára méjèèjì lọ gbìn sí bèbè omi, ibi tí òjìji wà díẹ̀, kì í ṣe nítorí isu, nítorí okùn ni, máa bomi rin ín lálaalẹ́. Orí okùn ni kó o gé, má gé ìdí tó ti gbó, ìdí ni kòkòrò dúdú yẹn máa ń pa ẹyin sí. Ànàmọ́ funfun mi wà nílẹ̀, nígbà tó o bá ń gba ọ̀nà Ìlobùú kọjá, pè mí kí n gé ìdì kan sílẹ̀ fún ẹ.